Kí lẹ máa ṣe sí irun nátúrà kẹ́ ẹ tó lọ di àtáṣímẹ́ǹtì? Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa

Ẹ bi èèyàn márùn-ún pé kí lèèyàn ń ṣe sí irun nátúrà kó tó lọ di àtáṣímẹ́ǹtì, ìdáhùn márùn-ún tó ń ta ko ara wọn lẹ máa gbà. Ìkan á ní ẹ má fọ̀ ọ́ o, irun tó bá mọ́ jù máa ń yọ̀ lọ́wọ́ onídìrí. Ìkan á ní ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi hándíràyà nà án títí á fi tọ́. Ìkan á ní òróró ni, ẹ da òróró sí i kó rin gbingbin. Òmíì á ní ẹ po ẹyin mọ́ máyónísì kẹ́ ẹ fi lé e lórí. Ẹni tó kù á ní kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe sí i, ẹ ṣáà jókòó fún onídìrí, ṣebí protective style ni, ìyẹn ìdì tó ń dáàbò bo irun, òun fúnra ẹ̀ máa tọ́jú irun yín. Mo ti rí ọ̀pọ̀ obìnrin tó tẹ̀lé èyí tó gbẹ̀yìn yìí tọkàntọkàn tí irun iwájú wọn sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó máa ń dùn mí gan-an torí nǹkan tó ṣeé dá dúró ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa nìyí: irun dídì ò lè tún irun tó ti gbẹ ṣe, kò sì lè wẹ orí tó dọ̀tí. Bó bá ṣe bá irun yín ló máa fi pa mọ́. Tó bá gbẹ wọbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa fi gbẹ sí i, tó bá lọ́ mọ́ra wọbẹ̀, ẹkún lẹ máa fi tú u. Iṣẹ́ tó ń dáàbò bo irun, ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìdì lẹ ti ń ṣe é nínú ilé yín, àǹtí onídìrí kàn ń bá yín parí ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí irun ṣe rí, torí tí èyí bá yé yín ìyókù máa rọrùn. Irun tó ti yọ jáde lórí ti kú. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí iṣan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e tí kì í dùn wá. Ibi tó wà láàyè ni gbòǹgbò ẹ̀ tó wà nínú awọ orí. Nítorí náà irun tó bá ti ya kò lè wo ara ẹ̀ sàn, ẹ kàn lè tọ́jú ẹ̀ kó má bà jẹ́ sí i ni. Ìta irun kọ̀ọ̀kan wá ní nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja. Tí ìpẹ́ yẹn bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, irun á máa dán, á máa yọ̀ lára ìkejì ẹ̀, omi inú ẹ̀ ò sì ní tètè sá lọ. Tó bá dìde, wọ́n á máa kọ́ ara wọn, wọ́n á máa lọ́, wọ́n á máa já. Irun tiwa wá ti ká láti inú awọ, gbogbo ibi tó ti ká yẹn ni agbára ẹ̀ ti kéré, epo tí awọ orí ń pèsè náà kì í ráyè sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu irun nítorí kíká yẹn, ìdí nìyẹn tí ìdí irun lè máa dán tí ẹnu ẹ̀ sì máa gbẹ.

Ẹ tún wo èyí. Irun àwa èèyàn dúdú ń dàgbà ní nǹkan bíi mìlímítà 8 lóṣù, ti àwọn òyìnbó máa ń ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Nítorí náà ẹni tó ń sọ pé irun òun kì í dàgbà, ó ń dàgbà o, bí ìdí ẹ̀ ṣe ń yọ ni ẹnu ẹ̀ ń já, ló fi dà bíi pé ó dúró sójú kan. Tẹ́ ẹ bá gbé àtáṣímẹ́ǹtì sórí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, irun tuntun tó máa yọ ò ju sẹ̀ǹtímítà 1 àti díẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá wá fi ìkánjú tú u tí èyí tó já ju èyí tó yọ lọ, kí lẹ jèrè níbẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni títú irun tó wà lórí tẹ́lẹ̀. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń pàdánù irun. Ẹ gé àtáṣímẹ́ǹtì níbi tó jìnnà sí ibi tí irun yín parí sí, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò kó dá yín lójú, ẹ má ṣe é pẹ̀lú oorun lójú. Ìka lẹ máa fi tú u. Tẹ́ ẹ bá tú u dé ìdí, ẹ máa rí nǹkan kan tó ṣù mọ́ ibi tí ìdì ti bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ á jọ eérú, epo, jẹ́ẹ̀lì, eruku, òógùn àti awọ orí tó ti ṣí ló kó ara wọn jọ síbẹ̀. Òun ló ń lẹ irun pọ̀. Ẹ má tíì fi omi kàn án lórí o! Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn tú irun tán, inú ẹ̀ dùn, ó bọ́ sí balùwẹ̀ tààrà, ó da omi lé e, gbogbo ẹ̀ sì ṣù pọ̀ mọ́ra, torí irun tó ti bọ́ tí ò tíì kúrò lórí máa yí mọ́ èyí tó ṣì wà, ìdọ̀tí yẹn á sì dì wọ́n pọ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ fi kọ̀ńdíṣọ́nà tàbí òróró díẹ̀ sí ìdí yẹn nígbà tí irun ṣì gbẹ, kẹ́ ẹ fi ìka tú ohun tó ṣù yẹn díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú òòyà tí eyín ẹ̀ jìnnà síra, kẹ́ ẹ yà á láti ẹnu irun lọ sí ìdí. Láti ẹnu lọ sí ìdí. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, gbogbo kókó tó wà lójú ọ̀nà lẹ máa tì jọ sísàlẹ̀, wọ́n á di kókó ńlá kan, ẹ ò sì ní rí nǹkan ṣe sí i mọ́ ju kẹ́ ẹ fà á já.

Ẹ má jẹ́ kí irun tó máa bọ́ sílẹ̀ já yín láyà. Irun bíi 50 sí 100 ló ń bọ́ lórí èèyàn lójoojúmọ́, ara tó le ni. Nígbà tí irun wà nínú ìdì, èyí tó bọ́ ò ríbi jáde, ó há síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì jẹ́ ọjọ́ 42, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, ó ti lé ní 2,000, ó sì lè tó 4,000. Ó máa kún ọwọ́ dáadáa. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó bọ́ fúnra ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó já ni kẹ́ ẹ mú ẹyọ kan kẹ́ ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ẹ̀. Èyí tó bọ́ láti inú gbòǹgbò máa ní nǹkan funfun bíńtín ní ìdí, ó sì máa gùn tó irun yín. Èyí tó já ò ní nǹkan funfun yẹn, ó sì máa ń kúrú. Tó bá jẹ́ àwọn kúkúrú ló pọ̀ jù nílẹ̀, irun yín ti gbẹ jù nìyẹn tàbí ọwọ́ yín ti le jù.

Lẹ́yìn títú, ẹ jẹ́ kí orí sinmi. Ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, méjì dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé oṣù December kì í gbọ́ èyí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù kún, kálukú fẹ́ gbé tiẹ̀ kúrò kó gbé tuntun lé e lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tí wọ́n ti fà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n tún ń fà á lálẹ́ ọjọ́ tó rí ìtúsílẹ̀, kò gba ìsinmi kankan nìyẹn.

Ó wá ku fífọ̀. Ọ̀rọ̀ pé irun tó dọ̀tí ló rọrùn láti dì, ó níbi tó ti wá: irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tó rọ̀ máa ń yọ̀ lóòótọ́, ó ń ni onídìrí lára láti di ìdí ẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, kó gbẹ, kó nà, ọ̀rọ̀ yíyọ̀ ti tán nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dì í pẹ̀lú ìdọ̀tí, ẹ ti fi epo àti ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ tó kọjá pa mọ́ sábẹ́ ibi tí ọwọ́ ò ti ní tó o dáadáa mọ́. Awọ orí á máa hún yín, ẹ á máa fi ọwọ́ gbá a, ẹ á máa fi ìrù òòyà họ ọ́, ẹ ó họ ọ́ bó. Kòkòrò tíntìntín tó ń bá dándírọ́ọ̀fù rìn, tí ojú lásán ò lè rí, epo tó wà lórí awọ orí ni oúnjẹ ẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe fi òróró kún ìdọ̀tí lẹ ṣe ń bọ́ ọ.

Tẹ́ ẹ bá ní òróró àgbọn nílé, kí omi tó kan irun ni kẹ́ ẹ ti lò ó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Íńdíà ní 2003 fi òróró àgbọn wé òróró sunflower àti òróró tó wá láti ara epo bẹntiróòlù, ti àgbọn nìkan ló dín bí irun ṣe ń pàdánù èròjà inú ẹ̀ nígbà fífọ̀ kù, torí ó lè wọ inú irun, àwọn yòókù lórí ni wọ́n dúró sí. Ẹ fi pa irun, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ pín irun sí mẹ́rin, ẹ lọ́ ìkọ̀ọ̀kan tàbí kẹ́ ẹ di wọ́n léra wọn, kẹ́ ẹ fọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ má baà dà pọ̀. Ṣámpù, awọ orí ló wà fún. Ẹ fi ìka rà á lórí awọ, orí ìka lẹ máa fi ṣe é o, èékánná kọ́, ìfófòó tó bá ṣàn kalẹ̀ ti tó fún ẹnu irun. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tó bá jẹ́ pé ìdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò pẹ́ lórí.

Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè nípa ọṣẹ dúdú. Ọṣẹ gidi ni, ó ń yọ ìdọ̀tí dáadáa, èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni pè é ní nǹkan burúkú. Ṣùgbọ́n gbogbo ọṣẹ tí wọ́n fi eérú tàbí kọ́síìkì sè máa ń gbé ìpẹ́ irun dìde, wọn ò sì ní ohun tó máa dá a padà mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lò ó, kọ̀ńdíṣọ́nà di dandan. Ohun kejì ni omi. Tí omi kànga tàbí bóhọ́ọ̀lù yín bá le, ìyẹn omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú ẹ̀, ọṣẹ máa para pọ̀ mọ́ ohun tó wà nínú omi yẹn, á di nǹkan funfun tó ń lẹ̀ mọ́ irun, ẹ ṣan-ín ṣan-ín kò ní lọ, ẹ á rò pé irun yín ló le. Ohun tó mú kí àwọn ìyá wa fẹ́ràn omi òjò fún orí fífọ̀ nìyẹn, omi òjò rọ̀, ọṣẹ ń hó nínú ẹ̀ wéréwéré. Àwọn tó wà ní London náà, omi ẹ̀rọ wọn le gan-an, ṣámpù ni kí wọ́n lò, ṣámpù kì í ṣe nǹkan funfun yẹn.

Kọ̀ńdíṣọ́nà wá. Èyí ló ń da ìpẹ́ yẹn délẹ̀ padà, òun ló sì ń jẹ́ kí òòyà kọjá. Ẹ fi sí irun nígbà tó ṣì tutù, pàápàá ẹnu irun, ẹ fi òòyà tí eyín ẹ̀ jìnnà yà á nígbà tí kọ̀ńdíṣọ́nà ṣì wà nínú ẹ̀ (irun tiwa, tó bá tutù tí kọ̀ńdíṣọ́nà wà lára ẹ̀, ó ń rọrùn láti yà ju tó bá gbẹ lọ), ẹ fi ọ̀rá dé e fún ìdajì wákàtí, ooru orí yín ti tó. Kò sídìí láti fi sùn mọ́jú. Irun tó bá ń mu omi wú, tó ń gbẹ, tó tún ń wú fún wákàtí púpọ̀ ní gbogbo ìgbà, ó ń rẹ̀ ẹ́, á wá di ohun tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ tí kò lágbára.

Ẹyin àti máyónísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi jẹ búrẹ́dì. Òótọ́ ni pé purotéènì ni irun, òótọ́ sì ni pé purotéènì wà nínú ẹyin, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ti inú ẹyin tóbi jù láti wọ inú irun, orí irun ló máa jókòó sí títí ẹ ó fi ṣan án dànù, tẹ́ ẹ bá sì fi omi gbígbóná ṣan án, ó máa sè sórí yín, ẹ ó máa yọ ọ́ ní wóró wóró. Àwọn ìpara purotéènì tí wọ́n ń tà, wọ́n ti gé purotéènì inú ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní hydrolyzed lára páálí, òun ló lè wọlé tàbí kó lẹ̀ mọ́ ibi tó ti ya. Ẹni tí irun ẹ̀ bá ń fà gùn tó bá tutù tí kì í padà, tàbí tó ti kun irun rí, ó lè lo irú ẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìdì, kó sì fi kọ̀ńdíṣọ́nà tẹ̀ lé e. Ẹni tí irun ẹ̀ ò ní ìṣòro kankan kó fi í sílẹ̀, torí tó bá pọ̀ jù ńṣe ni irun máa gan, á wá máa ṣẹ́.

Ibi gbígbẹ àti nínà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ìdí tá a fi ń na irun kó tó di dídì ni pé irun tó ká jọ máa lọ́ mọ́ra nínú ìdì, kókó á ti wà nínú ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, onídìrí náà á sì máa fi òòyà fà á tipátipá kó lè pín in. Ṣùgbọ́n kó nà díẹ̀ ti tó, kò pọn dandan kó tọ́. Irun tó tọ́ pátá gan-an ló máa ń yọ́ jáde nínú ìdì. Irun òwú làwọn ìyá wa fi ń ṣe é, kò sì tíì sí èyí tó dáa jù ú lọ: ẹ kó o lówú nígbà tó kù díẹ̀ kó gbẹ tán, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, ẹ tú u, ó ti nà, kò rí iná rárá. Ṣé ẹ mọ onílé gogoro, irun òwú tó máa ń dúró gangan lókè orí? 'Okhai Ojeikere, olóògbé ayàfọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun àwọn obìnrin wa ní 1968, tí fọ́tò irun tó yà tó bí ẹgbẹ̀rún kan, ya irú ẹ̀. Ohun tó wà lórí àwọn obìnrin yẹn jẹ́ ẹwà, ó tún jẹ́ ọ̀nà nínà irun láì sun ún. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ tó ń dàgbà báyìí ń sá fún òwú, wọ́n ní irun ará oko ni.

Tó bá jẹ́ hándíràyà lẹ fẹ́ lò, kí irun kọ́kọ́ gbẹ dé bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fúnra ẹ̀. Hándíràyà tó gbóná janjan lórí irun tó ń kán omi, ńṣe ló ń mú omi inú irun hó, ooru omi yẹn á fẹ́ ihò sínú irun láti inú wá, ibẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ sí, kò sì ní àtúnṣe. Ẹ lo ooru ìwọ̀nba, ẹ fi ohun ìpara tó ń gba ooru sí i tẹ́lẹ̀.

Kò yẹ kí wọ́n di irun tó tutù rárá, ì báà jẹ́ àǹtí tó mọ iṣẹ́ jù ní gbogbo àdúgbò. Irun tó tutù máa ń nà ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á dì í nígbà tó nà, bó bá ṣe ń gbẹ á fẹ́ súnkì padà, ìdì ò sì ní jẹ́ kó súnkì, gbòǹgbò ló máa wá gba gbogbo fífà yẹn. Omi tó há sínú ìdì náà kì í tètè gbẹ, ó máa ń rùn.

Ọ̀rọ̀ òróró ló tún ń da àwọn èèyàn rú. Òróró kì í ṣe omi. Ohun tí irun tó gbẹ ń wá ni omi, òróró kàn ń dá omi tó ti wà níbẹ̀ dúró ni, nítorí náà ẹni tó fi òrí tàbí àdín pa irun tó gbẹ koránkorán, ó ti gbẹ́gi dí ọ̀nà mọ́ omi lójú. Ẹ kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ tàbí kírímù olómi sí i, kẹ́ ẹ wá fi òrí tàbí òróró lé e, ìwọ̀nba bíńtín, pàápàá ní ẹnu irun. Lásìkò ọyẹ́ ẹ lè fi òrí kún un díẹ̀ torí afẹ́fẹ́ ń fa omi kúrò lára gbogbo nǹkan. Ẹ ṣe èyí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó ti wọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ yín, ó ti pọ̀ jù.

Ẹ tún yẹ ẹnu irun wò, tẹ́ ẹ bá rí ibi tó ti ya sí méjì, ẹ gé e díẹ̀. Ó máa ń ya lọ sókè ni, tó bá sì wà nínú ìdì, á máa kọ́ àwọn yòókù.

Àtáṣímẹ́ǹtì náà yẹ ní fífọ̀. Orí máa ń hún àwọn kan láti wákàtí àkọ́kọ́, awọ á pọ́n, wọ́n á ní onídìrí ló le jù, ó sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n fi sára òwú ike yẹn níléeṣẹ́ ni awọ wọn ò fẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tẹ́ ẹ da fínígà díẹ̀ sí fún bí ìdajì wákàtí, ẹ ṣan án dáadáa, ẹ sá a kó gbẹ kánrinkánrin kó tó dọ́jọ́ ìdì.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n tíì dì í. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rìláásà sórí, irun ẹ̀ àti awọ orí ẹ̀ ò tíì lágbára tó ń gbé àtáṣímẹ́ǹtì, kó dúró ọ̀sẹ̀ méjì kan. Ọmọ tí lápálápá wà lórí ẹ̀, ẹ má dì í pa mọ́. Kírímù nìkan kì í sábà wo ti orí sàn, torí ó ti wọ inú gbòǹgbò irun, oògùn tí wọ́n ń mu ni dókítà máa kọ fún un, kẹ́ ẹ sì ya òòyà ẹ̀ sọ́tọ̀, torí òòyà tí wọ́n ń lò kiri orí ọmọ mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé e káàkiri. Ẹ gbé òòyà tiyín lọ, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ọwọ́ onídìrí ló kù, ẹ̀yin lẹ sì máa sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń jókòó síbẹ̀, omi lójú, wọn ò ní sọ nǹkan kan kí wọ́n má baà ní wọ́n ń ṣe àkẹ́jù. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dẹ̀ ẹ́ níwájú, kẹ́ ẹ fi àwọn wẹ́wẹ́ yẹn sílẹ̀." Irun wẹ́wẹ́ tó wà létí orí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ló tíńrín jù, kò lè gbé àtáṣímẹ́ǹtì kankan. Ìpín tó kéré jù tí wọ́n wá di àtáṣímẹ́ǹtì tó gùn dé ìdí mọ́, ẹrù tí irun mélòó kan fẹ́ gbé ti pọ̀ jù nìyẹn. Knotless, ìyẹn ìdì tí kì í ní kókó ní ìdí, máa ń rọrùn díẹ̀ torí irun yín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àtáṣímẹ́ǹtì á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ bá le, kò sí orúkọ tí kò lè fa irun tu.

Nǹkan tí fífà ń fà yìí, traction alopecia ni àwọn dókítà ń pè é. Ọdún 1907 ni wọ́n ti kọ nípa ẹ̀ lára àwọn obìnrin Greenland tí wọ́n máa ń fa irun wọn pọ̀ le sókè, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ irun dúdú nìkan, fífà ni, irú irun yòówù kó jẹ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní South Africa, tó jáde ní 2007, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan nínú obìnrin mẹ́ta tó ní in, nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, méjì péré. Àmì ẹ̀ kì í fara sin: tẹ́ ẹ bá dé ilé tó jẹ́ parasetamọ́ọ̀lù lẹ máa mu kẹ́ ẹ tó lè fi orí lé pílò, tàbí wóròwórò kéékèèké bíi iléròrò yọ sí iwájú orí, tàbí ojú yín fà sókè, ìdì yẹn ti le jù. Ẹ tú àwọn tó wà níwájú lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ má ní ẹ ti sanwó, ẹ má ní ó máa dẹ̀ tó bá di ọjọ́ kẹta. Ó máa dẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ gbòǹgbò ló máa fi gba á.

Àwọn dókítà awọ ní Amẹ́ríkà ní kí irú ìdì báyìí má ju oṣù méjì sí mẹ́ta lọ lórí, lójú tèmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó fún irun nátúrà, kẹ́ ẹ sì máa fọ awọ orí láàárín ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé iwájú orí ti ń sá sẹ́yìn tàbí ibì kan ti ń dán bíi pé kò sí ihò irun níbẹ̀ mọ́, ẹ má gbé ìdì míì lé e láti fi bò ó, ẹ má sì máa ra oríṣiríṣi òróró ìdàgbà irun kiri. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, irun máa ń padà yọ tí fífà bá dáwọ́ dúró, tó bá pẹ́ tí gbòǹgbò ti di àpá, kò ní padà fúnra ẹ̀ mọ́. Ẹ lọ rí dókítà awọ ní tààrà, ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó àti UCH ní Ìbàdàn ní wọn, ẹ tú irun kẹ́ ẹ tó lọ kí wọ́n lè rí awọ orí yín dáadáa, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti fi sí i fún wọn.